Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn strangles: kí ni 0.7 ń sọ nípa ẹṣin tí mo fẹ́ rà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa ẹṣin, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra abo ẹṣin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ṣùgbọ́n ibùso tí mo fẹ́ kó o sí kì í gba ẹṣin tuntun wọlé láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn strangles, àrùn àkóràn tó máa ń mú kí kókó abẹ́ àgbọ̀n àti ọ̀fun ẹṣin wú. Dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ náà, èsì sì ti dé: apá A jẹ́ 0.2, apá C jẹ́ 0.7. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 0.5 ni ààlà. Ẹni tó ń tà á búra pé ẹṣin náà kò wúkọ́ rí lọ́dọ̀ òun, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára Strangvac tí wọ́n gún fún un ló fa èyí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n yọwọ́ nínú ọjà yìí ni, àbí àrùn tó ti kọjá lọ ni èsì náà ń sọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Dókítà Ẹran

Ẹ má tíì yọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Àyẹ̀wò yẹn kì í wá Streptococcus equi, bakitéríà tó ń fa àrùn náà. Èròjà tí ara ẹṣin fi bá a jà ló ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí kì í pọ̀ tó ohun tí a lè rí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹṣin bá kó àrùn, á máa ròkè títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí 0.7 ń sọ ni pé ẹṣin yìí ti bá bakitéríà náà pàdé láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Kò sọ bóyá ó ṣì gbé e pamọ́ sára. Apá kan ṣoṣo tó bá kọjá ààlà ti tó, torí náà ẹ má jẹ́ kí 0.2 yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, apá A àti apá C ń wá èròjà tí ara fi ń bá purotéènì méjì ti bakitéríà náà jà, Strangvac kò sì ní ìkankan nínú purotéènì méjèèjì, nítorí náà kò lè gbé nọ́ńbà náà sókè. Ẹni tó ń tà á lè má purọ́ lórí ikọ́, nítorí pé àwọn ẹṣin kan wà tí ohun tí wọn yóò fi hàn kò ju ikun imú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àpò afẹ́fẹ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun ẹṣin, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí kókó tó wú lẹ́yìn ọ̀fun bá bẹ́ sínú àpò yìí, ọyún lè kù síbẹ̀, kó gbẹ, kó le bí òkúta wẹ́wẹ́, kí ẹṣin náà sì máa tú bakitéríà jáde fún oṣù tàbí ọdún, nígbà tí ara rẹ̀ ń dán, tó ń jẹun, tí kò sí ẹni tó fura sí i. Àwọn tó ń rí bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tí àrùn náà mú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè mọ irú wọn dájú. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ wà tí nọ́ńbà tiwọn kò dé ààlà. Kí dókítà yín ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú wọ àpò méjèèjì, kó fi omi ṣàn wọ́n, kó sì fi omi náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá DNA bakitéríà náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan yóò ní kí ẹ tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹṣin tí nọ́ńbà rẹ̀ wà láàárín 0.3 sí 0.5 ni mo gbà pé ìyẹn wúlò fún jù, ní 0.7, kámẹ́rà ni kó kàn.

Baba Ẹlẹ́ṣin, Ìlọrin

Ẹ ṣeun, Dókítà. Mo ti ń sin ẹṣin tipẹ́, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, wọn a máa kó ẹṣin wá láti Òkè Ọya, àwọn kan á sì gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba. N kì í sì í ṣaláì rí èyí tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti wú láàárín wọn. Kíá ni àwọn ọmọ tó ń tọ́jú wọn á ti gún un ní pẹnisílínì. Bí a bá wá gba ẹ̀jẹ̀ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ni yóò fi hàn? Ṣé kíka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kò sì tó fún wa ni?

Dókítà Ẹran

Baba, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Bí pẹnisílínì bá tètè wọlé, á pa bakitéríà náà kí ara tó kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Àyẹ̀wò lè wá sọ pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹṣin náà lè tún kó àrùn kan náà láìpẹ́. Ẹ máa sọ ọjọ́ tí ẹ gún un fún ẹni tó bá ń ka èsì. Ní ti ẹṣin tí àgbọ̀n rẹ̀ ti wú, ẹ má fi owó ṣòfò lórí ẹ̀jẹ̀ rárá: ọyún inú wíwú náà ni kí wọ́n gbà lọ fún àyẹ̀wò.

Kíka sẹ́ẹ̀lì funfun dára, purotéènì tí wọ́n ń pè ní SAA sì yá jù ú lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí ara rẹ̀ le, SAA kì í sábà ju 20 mg/L lọ, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ó lè ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Síbẹ̀, méjèèjì kàn ń sọ pé ìjà ń lọ nínú ara ni, wọn kò dárúkọ ọ̀tá.

Fún ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹmómítà ni mo fọkàn tán jù. Ibà máa ń ṣáájú, ó sì máa ń tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí bakitéríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní imú. Ẹ máa wọn ìgbóná ara wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èyí tó bá ti kọjá 38.5, ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tirẹ̀, nítorí pé bakitéríà yìí lè wà láàyè nínú omi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent

Ẹ ṣeun gan-an ni, Dókítà. Ta ni ó yẹ kó san owó kámẹ́rà náà, bí kò bá sì sí nǹkan kan nínú àpò méjèèjì ńkọ́?

Dókítà Ẹran

Ẹni tó ń tà á ni mo rò pé kó san án, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lẹ lè jọ ṣe àdéhùn ìyẹn. Bí PCR kò bá rí nǹkan kan, ẹ fi ìwé èsì méjèèjì pọ̀ fún àwọn ibùso náà, nítorí pé nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ lè ṣì wà lókè 0.5 fún oṣù mélòó kan, wọn kò sì gbọdọ̀ torí ìyẹn nìkan lé ẹṣin náà padà.