Oúnjẹ Kérésì ti apá gúúsù Amẹ́ríkà: àlejò 10, oven kan ṣoṣo. Kí ni kí n ti ṣe sílẹ̀?

Ọmọ_Òṣogbo_Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alásè. Ẹ kú ìmúra ọdún. Oúnjẹ àwọn ará gúúsù ibí yìí ni mo fẹ́ fi gbàlejò lọ́jọ́ Kérésì: makaróní oníṣíìsì tí wọ́n ń yan, ẹ̀fọ́ collard, dressing oníbúrẹ́dì àgbàdo (búrẹ́dì rírún tí wọ́n fi omi ẹran pò, tí wọ́n sì yan), àti páì ọ̀dùnkún. (Georgia, Alabama, Louisiana ni mo ń wí o, kì í ṣe Brazil.) Ènìyàn 10 ni wọ́n. Oven kan péré ló wà, àwọn kan nínú wọn kì í sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Ojú páì máa ń sán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín tí omi wọ̀. Ṣíìsì inú makaróní máa ń pínyà: òróró á léfòó, ìyókù á dà bíi yanrìn lẹ́nu. Dressing ní tiẹ̀ máa ń gbẹ. Èwo ni mo lè ṣe sílẹ̀ nínú wọn kí ọjọ́ tó pé? Mo tún ń wá nǹkan dídùn kan tí mo lè dì sínú páálí kí àwọn ọmọ mú un lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n.

Ọlọ́bẹ̀LóLọkọ

Páì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ẹ yan án lọ́jọ́ kẹtàlélógún, kó sùn sínú fíríìjì. Tútù ló dùn jù, á sì ti fi oven sílẹ̀ fún àwọn yòókù.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ lọ́jà. Ohun tí wọ́n kọ "yams" sí lára níbẹ̀, iṣu kọ́ o, ọ̀dùnkún ni. Àwọn àgbẹ̀ Louisiana ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, kí àwọn oníbàárà lè mọ ọ̀dùnkún tiwọn tí inú rẹ̀ pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí inú rẹ̀ funfun. Irú ọ̀dùnkún tí wọ́n ń pè ní Beauregard tàbí Covington ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá lọ ra iṣu tiwa ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé, páì yẹn ò ní jẹ́ páì.

Fún páì ìnṣì 9 kan, ọ̀dùnkún pọ́ùn 1½ tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń sè é nínú omi. Ọ̀dùnkún á mu omi náà, omi á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí páì nígbà tó bá wà nínú oven. Ohun tó ń mú ìsàlẹ̀ tiyín rọ̀ nìyẹn. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un lára, ẹ tẹ́ fóìlì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ yan án ní 400°F fún wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Tí oje dúdú bíi oyin bá ń jáde lójú ihò, tí èèpo ti ń fi ara sílẹ̀, ó ti jinná. Ẹ bó o, ẹ gún un kúnná, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí okùn inú rẹ̀ dúró sókè. Kọ́ọ̀pù 2 ni kí ẹ wọ̀n, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ po bọ́tà stick 1 (gíráàmù 113) mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ṣúgà kọ́ọ̀pù 1 (ìdajì funfun, ìdajì aláwọ̀ ilẹ̀), mílíìkì agolo tí kò ní ṣúgà ½ kọ́ọ̀pù, nutmeg àti sínámọ́ònù ṣíbí tíì ½ ½, fàníílà ṣíbí tíì 1, iyọ̀ díẹ̀. Ẹyin 2 ló kẹ́yìn, nígbà tí ooru bá ti kúrò lára rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyin á sè sínú rẹ̀. Ṣíbí lásán ni kí ẹ fi rò ó. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ nà án títí, atẹ́gùn á kó sínú rẹ̀, á wú nínú oven, á sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ojú sísán tó bá jáde.

Èyí tí wọ́n ń tà ní dídì dára tó fún èèpo páì. Ẹ tẹ́ fóìlì sínú rẹ̀, ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ kún un kó má baà wú, kí ẹ yan án ní 400°F fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ kó ẹ̀wà àti fóìlì kúrò, ẹ fi omi funfun ẹyin pa á nínú, kó tún lo ìṣẹ́jú 5. (Ẹ̀wà yẹn ò ṣeé jẹ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú rẹ̀ fún páì mìíràn.) Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá da ọ̀dùnkún sí i, 350°F, ìṣẹ́jú 50 sí 55.

Ní ti ojú tó ń sán: páì yín ń pẹ́ jù nínú iná ni. Ẹ gbé e jáde nígbà tí etí rẹ̀ bá ti dì ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀, bíi fífẹ̀ ìnṣì 2, ṣì ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ooru ara rẹ̀ á parí ìyókù. Tí ẹ bá ní ohun ìwọnná, 175°F ni. Wákàtí 2 lórí tábìlì, kí ó tó wọ fíríìjì. Ẹ má bò ó nígbà tó ṣì gbóná, oru á di omi, omi á sì kán sí i lójú.

ÌkòkòDúdú

Dressing tó ń gbẹ, omi ẹran ni kò tó. Kò sí àṣírí mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì rẹ̀ gan-an ni ká kọ́kọ́ sọ.

Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ń pè ní cornmeal ni kí ẹ lò, kó ní họ́rọ́họ́rọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má dán ògì gbígbẹ wò, á dì bí òkúta. Ìyẹ̀fun náà kọ́ọ̀pù 2, baking powder ṣíbí tíì 1, baking soda ṣíbí tíì ½, iyọ̀ ṣíbí tíì 1, ẹyin 2, buttermilk (mílíìkì kíkan) kọ́ọ̀pù 2. Tí ẹ ò bá rí buttermilk, ẹ da fínígà ṣíbí ìjẹun 2 sínú mílíìkì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Kò sí ṣúgà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣúgà sí i, kéèkì ló ń ṣe.

Páànù irin dúdú oníìnṣì 10 ni kí ẹ fi òróró ṣíbí ìjẹun 3 sí, kí ẹ gbé e sínú oven ní 450°F títí á fi gbóná gidi. Ìgbà tí ẹ bá da ìyẹ̀fun pípò náà sí i, ó gbọ́dọ̀ dún ṣàà! Tí kò bá dún, ẹ dá a padà, kò tíì gbóná tó. Ariwo yẹn ló ń mú kí ìdí rẹ̀ le, kó sì má lẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 sí 25.

Ẹ ṣe é ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ rún un sínú abọ́ ńlá pẹ̀lú búrẹ́dì funfun slice 4, kí ẹ fi sílẹ̀ láìbò mọ́jú. Búrẹ́dì tó ti gbẹ ló ń mu omi ẹran, èyí tó tutù ń di ẹrẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi bọ́tà stick 1 din àlùbọ́sà 2, igi sẹ́lẹ́rì 4 àti tàtàṣé tútù aláwọ̀ ewé 1 títí wọ́n á fi rọ̀, ó tó ìṣẹ́jú 10. Ẹ dà á sórí búrẹ́dì, pẹ̀lú sage gbígbẹ ṣíbí tíì 2, thyme ṣíbí tíì 1, ata dúdú. Omi adìyẹ kọ́ọ̀pù 4. Wò ó dáadáa: kó rí bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó ń tẹ̀lé ṣíbí. Bó bá ti lè dúró ṣánṣán kó tó wọ oven, á gbẹ. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fọ́ ẹyin 2 sí i. Abọ́ tó fẹ̀ ní ìnṣì 9, tó gùn ní ìnṣì 13, 375°F, ìṣẹ́jú 40 sí 45.

Ẹ má kì í sínú tòlótòló. Nígbà tí àárín rẹ̀ bá fi máa dé 165°F tí kò ní ṣe ènìyàn ní jàǹbá, igẹ̀ ẹran ti di pákó.

Alásè_Àtìláńtà

Ẹ̀gbọ́n ÌkòkòDúdú, ẹ rọra o. Ṣúgà ṣíbí 2 nínú búrẹ́dì àgbàdo tí wọ́n máa jẹ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kò pa ẹnikẹ́ni, àìmọye ilé ní Georgia ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti dressing ni mo gbà fún yín.

Ó wá ku makaróní. Ohun méjì ló ń pín ṣíìsì níyà. Èkíní, ṣíìsì tí wọ́n ti rẹ́ sínú ọ̀rá: wọ́n fi ìyẹ̀fun àti cellulose (lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń rí lára igi) pa á lára kó má baà lẹ̀ mọ́ra, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó yọ́ dáadáa. Ẹ ra odindi, ẹ fi ọwọ́ yín rẹ́ ẹ. Èkejì, iná tó pọ̀ jù. Tí ooru bá fún ẹyin àti ṣíìsì jù, wọ́n á ti ọ̀rá àti omi jáde lára.

Makaróní pọ́ùn 1, nínú omi oníyọ̀. Ẹ sẹ́ ẹ nígbà tó ku ìṣẹ́jú 2 sí iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, torí yóò tún jinná sí i nínú oven. Ẹ fi bọ́tà ṣíbí ìjẹun 4 pa á nígbà tó ṣì gbóná. Ṣíìsì Cheddar mímú (kì í ṣe èyí tó ti gbó tó ń rún wúruwùru, ìyẹn máa ń pínyà) pọ́ùn 1, Colby tàbí Monterey Jack pọ́ùn ½. Mílíìkì agolo áúńsì 12, mílíìkì tútù kọ́ọ̀pù 2, ẹyin 3, mọ́sítáàdì gbígbẹ ṣíbí tíì 1, iyọ̀ ṣíbí tíì 1, ata dúdú. Mílíìkì agolo yẹn ṣe pàtàkì, ó ki, ó sì ń di ọ̀rá ṣíìsì mú.

Ẹ tẹ́ ìdajì makaróní, ẹ wọ́n ìdajì ṣíìsì, ẹ tún un ṣe, kí ẹ wá da ẹyin àti mílíìkì lé gbogbo rẹ̀. 350°F, ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣàn káàkiri àwo.

Tí ẹ bá máa tò ó sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, ẹ yọ mílíìkì ½ kọ́ọ̀pù sẹ́yìn. Makaróní á mu omi mọ́jú. Ẹ da èyí tí ẹ yọ lé e lórí kó tó wọ oven.

Ẹni tó bá ń rò pé oúnjẹ òyìnbó ni: James Hemings, ẹrú Thomas Jefferson (tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà), kọ́ iṣẹ́ alásè ní Paris kí wọ́n tó padà wálé ní 1789, ó sì kọ́ àbúrò rẹ̀ Peter kí Jefferson tó dá a sílẹ̀ ní 1796. Ọwọ́ irú wọn ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ yìí gbà kọjá.

Gbẹ̀gìrì_Ọ̀sán

Ẹ̀fọ́ ò nílò oven rárá, ó sì dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Apá tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan, 2, nínú omi kọ́ọ̀pù 8 pẹ̀lú àlùbọ́sà 1 àti áàyù 4, fún wákàtí kan, kí ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò lára egungun. Ẹlẹ́dẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Collard pọ́ùn 3. Ẹ ya igi àárín ewé dànù, ẹ ká ewé jọ bí ẹní, ẹ gé e ní ìnṣì 1. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa kó ẹ̀fọ́ jáde nínú omi. Ẹ má da omi náà lé asẹ́, torí iyanrìn tó ti sọ̀ sísàlẹ̀ á tún padà sórí ewé. Ẹ dà á sínú omi ẹran yẹn, ẹ sè é pẹ̀lú iná kékeré fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Fínígà ṣíbí ìjẹun 1 àti ata gígún ló kẹ́yìn, iyọ̀ náà bẹ́ẹ̀, torí ẹran yẹn ti ní iyọ̀ lára.

Kì í ṣe ẹ̀fọ́ rírò o. Ẹ má fún un, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù. Pot likker ni wọ́n ń pè é, búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n ń fi í rẹ. Ẹ tọ́jú kọ́ọ̀pù 2 nínú rẹ̀ sínú fíríìsà fún ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, kí ẹ fi se Hoppin' John: ẹ̀wà àti ìrẹsì àwọn ará South Carolina. Ẹ̀wà olójú dúdú tiwa náà ni, láti Áfíríkà ló ti bá àwọn ẹrú kọjá òkun.

Ọmọ_Òṣogbo_Houston

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní ṣìnà ọbẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Makaróní 350, dressing 375, oven kan ṣoṣo: báwo? Àti nǹkan dídùn inú páálí ńkọ́?

Ọlọ́bẹ̀LóLọkọ

Ẹ fi oven sí 350 fún méjèèjì. Kí dressing lo ìṣẹ́jú 50 sí 55. Tí makaróní bá ti inú fíríìjì wá, ẹ fi fóìlì bò ó fún ìṣẹ́jú 25, ẹ ṣí i fún 25 mìíràn. Ẹ pààrọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ní ìdajì àkókò. Tí ẹ bá fẹ́ jẹun ní aago 2, kí méjèèjì wọlé ní aago 12:45. Ẹran ni kí ẹ ṣe lórí iná òkè: adìyẹ díndín ò ní bá wọn jà.

Fún páálí, pralines ti New Orleans: súìtì tí wọ́n ń fi ṣúgà àti pecan (èso oníhóró kan) ṣe. Ṣúgà funfun kọ́ọ̀pù 1½, aláwọ̀ ilẹ̀ ¾, mílíìkì ½, bọ́tà ṣíbí ìjẹun 6, pecan kọ́ọ̀pù 1½, gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ẹ máa rò ó títí á fi dé 238°F. Tí ẹ ò ní ohun ìwọnná, ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù: tó bá ṣeé ká jọ bíi bọ́ọ̀lù rírọ̀ lọ́wọ́, ó pé. Ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ da fàníílà ṣíbí tíì 1 sí i, kí ẹ máa rò ó kíkankíkan. Ẹ wo ojú rẹ̀. Á máa dán ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan sí méjì á ṣú, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń há ṣíbí lọ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ máa fi ṣíbí dá a sórí bébà tí kì í lẹ̀, kí ẹnì kejì sì wà nítòsí, torí á dì kíákíá. Tí ẹ bá dá a nígbà tó ṣì ń dán, á máa lẹ̀ títí di ọdún tuntun.

Alásè_Àtìláńtà

Àfikún kan fún Houston: ẹ wo ojú ọ̀run lákọ̀ọ́kọ́. Ṣúgà ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, lọ́jọ́ òjò pralines kì í gbẹ. Tí ọjọ́ bá ti rin, ẹ sè é dé 240°F. Tó bá sì wá dì mọ́ inú ìkòkò kí ẹ tó dá a tán, ẹ bu omi gbígbóná ṣíbí ìjẹun 1 sí i, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré, á tún rọ̀.