Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá mi ti ju agbára mi lọ

Adéọlá: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìlera nínú owó oṣù mi, síbẹ̀ bí mo bá dé ilé oògùn ọsibítù, "kò sí nílẹ̀, ẹ lọ rà á níta" ni. Kí náírà tó já wálẹ̀ ní Okúdù 2023, mo ń rí páálí kan rà. Ó ti di ìlọ́po mẹ́ta báyìí. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ò tilẹ̀ gbójú sókè, fóònù ló ń tẹ̀. Ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Látìgbà tí GSK, ilé-iṣẹ́ apoògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ti kéde ní Ọgọ́sù 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà ni Ventolin, oògùn ikọ́ fée tí ọmọ mi ń fà símú, ti di góòlù.

Bàbá Kẹ́hìndé: Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó epo rọ̀bì ló já tí Babangida fi gbé SAP dé ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó gé ìnáwó ìjọba kù. Aláìsàn wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ ra abẹ́rẹ́ lọ sí ọsibítù ìjọba.

Ṣẹ́gun: Ẹ má dá epo nìkan lẹ́bi, sà. Àbújá níbí ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní 2001 pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná máa lọ sí ìlera. Ọdún tí epo gbówó lórí ńkọ́, ṣé wọ́n mú un ṣẹ?

Bàbá Kẹ́hìndé: Ọmọdé ń ṣe ọ́. Wọn ò tíì ní kó o lọ ra ìbọ̀wọ́ wá kí wọ́n tó gbẹ̀bí ìyàwó ẹ.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ dákẹ́ ná. Adéọlá, ṣé orúkọ Màmá wà nínú ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n ń yọ owó rẹ yẹn? Ọkọ tàbí aya pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé 18 ló wà fún. Ti òbí, ẹ máa san owó kún un ni.

Adéọlá: Orúkọ ara mi ni mo fi ń gbà á. Ẹ má bú mi, ìyá mi ni. Ọjọ́ méjì-méjì ló ń lò ó báyìí kó lè pẹ́.

Ìyá Ìbejì: Háà! A máa bú ẹ o. Ta wá ni dókítà ń tọ́jú?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Èèló lẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá sọ kẹ́yìn?

Adéọlá: 190 lórí 120 láàárọ̀ yìí. Ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó oògùn ni mo bi yín.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ gbé Màmá lọ sí pàjáwìrì nísinsìnyí. Ẹ má dúró dèsì.

Bàbá Kẹ́hìndé: Adéọlá, ṣé ẹ ti gbéra?