Ẹ bá wa yọ̀, ọmọ wa ti dé ilé

Ẹ̀yin tí ẹ dáhùn nígbà tí mo bèèrè ohun tí òbí lè ṣe fún ọmọ tí a bí láìpé oṣù, tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru, ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run ṣeun, ó ti dé ilé!

Gbígbé e lé àyà, ara kan ara, ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Èémí rẹ̀ á rọlẹ̀, ara rẹ̀ á móoru. Àyà bàbá náà ń ṣiṣẹ́, mo fojú rí i. Ní ilé ìwòsàn, rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fún un ní omi ọyàn, torí ọmọ tí oyún rẹ̀ kò tíì tó ọ̀sẹ̀ 34 kì í sábà lè mu ọmú, gbé e mì, kó sì tún máa mí. Ẹni tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì ohun tí ariwo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ẹ̀rù yóò dínkù. Ìbéèrè mi parí síbí.