Ọjọ́ ìkúnlẹ̀: àwọn wo ló dúró tì yín, ṣé wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn lẹ́nu?

Ìyá Tóbi
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Àbúrò mi bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, gbogbo wọn nínú tíátà dárúkọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tí kálukú wá ṣe. Wọ́n bi òun náà pé, "Kí lorúkọ yín? Kí la fẹ́ ṣe fún yín lónìí?" Ó ní ọkàn òun balẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tèmi ní 2008, ẹni tó ń wọṣẹ́ bọ̀ ò mọ ohun tí ẹni tó ń lọ sílé ti ṣe. Ẹ sọ tiyín. Ìgbà wo lẹ rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, tàbí pé wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀?

Àṣàkẹ́ Òǹdó
Èmi? Ọ̀nà ni mo bí sí. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Onímárúwá àti ìyá oníṣu ni ikọ̀ tèmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
@Àṣàkẹ́ ẹ̀yin yìí, ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sì lọ o. Ẹ padà wá.

Ọkọ Adéọlá
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí kò kúrò lọ́kàn mi láti 2019.

Ọmọ wa kejì ni. Ilé ìwòsàn ìjọba, òru. Ìyàwó mi bí wẹ́rẹ́, ibi ọmọ jáde, gbogbo wa ń yọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà. Ọ̀kan ń wọn ọmọ, èkejì ti sáré lọ bá obìnrin mìíràn tó ń rọbí lẹ́yìn kọ́tìnnì. Èmi wà ní kọ́ríìdọ̀, mò ń pe ìyá ìyàwó mi lórí fóònù.

Mọ́mì kan wà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n lọ da omi nù. Nígbà tí wọ́n padà, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i bí kò bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ti tún tutù. Wọ́n nù ún. Wọ́n tún wò ó, ó tún tutù. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wo ibí yìí." Nọ́ọ̀sì ní, "Mò ń bọ̀, Mọ́mì." Mọ́mì ò kúrò lójú kan. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní gbàgbé: "Mo ti nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ tuntun ni."

Nọ́ọ̀sì yẹn fi ọmọ sílẹ̀ sọ́wọ́ Mọ́mì ó sì fò sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ará, láàárín ìṣẹ́jú kan yàrá yẹn kún. Ọ̀kan ń fọwọ́ ra ilé ọmọ láti orí ikùn, ọ̀kan ń wá iṣan apá kejì fún dírípù, ẹnì kan sáré lọ jí dókítà, pọ́tà gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà fún àyẹ̀wò ó sì sá lọ sí lábù. Bàbá lábù ti ti ilẹ̀kùn, ó ti ń múra àtilọ sílé. Ó padà. Páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì ni ìyàwó mi gbà. Mọ́mì ló gbé ọmọ wa dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ń kọrin fún un.

Ìyàwó mi ń dín àkàrà nísàlẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
"Mo ti nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Ẹkún gbọ̀n mí.

Bàbá Wasiu
Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, kí nọ́ọ̀sì Nàìjíríà gbọ́ ti agbálẹ̀? Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, wọn ò dá mi lóhùn nígbà tí mo ní kí wọ́n wo ìyàwó mi. "Bàbá, ẹ jáde síta" ni mo gbọ́.

Ọkọ Adéọlá
@Bàbá Wasiu mi ò bá yín jiyàn pé ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì yẹn fúnra rẹ̀ sọ fún wa nígbà tó di àárọ̀ pé bí kì í bá ṣe Mọ́mì, òun ì bá tún lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí ọmọ. Ó sọ ọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀. Kò fi pamọ́.

Agbẹ̀bí Méjìlélógún Ọdún
Nọ́ọ̀sì-agbẹ̀bí ni mí. Bàbá Wasiu, mo tọrọ àforíjì lórúkọ ẹni tó lé yín síta.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ti Mọ́mì yẹn fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ojú ò lè wọn ẹ̀jẹ̀. Aṣọ á mu díẹ̀, fóòmù á mu díẹ̀, èyí tó kù á ṣàn sí kọ̀rọ̀. O máa rò pé ife kan ni, kó sì jẹ́ bọ́ọ̀lù kan. Bó bá ti tó mílílítà 500 lẹ́yìn ìbímọ, kò sí àyè à ń wò ó ná mọ́. Ní báyìí a ní ọ̀rá kan tí à ń tẹ́ sábẹ́ ìyá, ìlà ìwọ̀n wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà ní yàrá ló lè ka ibi tó dé. Kò yọ agbálẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì: tẹ́lẹ̀, bí à ń gùn àkàbà la ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀. Fún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀, dúró. Kò dá? Gbìyànjú nǹkan mìíràn, dúró. Àsìkò ń lọ. Ní 2023 ni wọ́n gbé èsì ìwádìí E-MOTIVE jáde. Ilé ìwòsàn 80 ni, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, àwọn ìyá tó bímọ níbẹ̀ lé ní 200,000. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń tètè rí ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn, wọ́n sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: fífi ọwọ́ ra ilé ọmọ, oxytocin, tranexamic acid tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, dírípù, kí wọ́n yẹ ojú ara wò, kí wọ́n sì pe ẹni tó ju wọ́n lọ bí kò bá dá. Níbi tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ tó le jù dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Oògùn ò yàtọ̀ o. Oògùn tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè fi ọwọ́ méjì ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Tóbi
Ẹ ṣeun, Mà. Mi ò mọ̀yí rárá.

Bàbá Wasiu
Mo gba àforíjì náà. Inú mi dùn.

Ìyá Ìbejì
Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo fẹ́ kọjá lọ, ọkàn mi ò gbà.

Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìbejì. Kẹ́hìndé nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ru ní alẹ́, nọ́ọ̀sì alẹ́ kọ ọ́ sí káàdì, ó sì fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ. Àwọn tó gba iṣẹ́ ò ṣí káàdì. Mo ní orí ń fọ́ mi, wọ́n ní ara aboyún ni. Mo ní ojú mi ń ṣú, ẹnì kan ní kí n jẹun. Ọ̀sán ni gìrì mú mi. N ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìlà pupa yẹn. Ẹnì kan rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ọlọ́run á bá yín dá Kẹ́hìndé sí.

Ọkọ Adéọlá
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, Mà.

Dókítà Alẹ́
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìbákẹ́dùn mi. Orí fífọ́, ojú ṣíṣú àti ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún: ìkìlọ̀ gìrì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oògùn magnesium sulphate sì wà tí a fi ń dá a dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ṣe nǹkan kan tí kò dáa. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ibi tí mò ń ṣiṣẹ́, a ti fi òfin de fífi iṣẹ́ léni lọ́wọ́ lórí tábìlì. A ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, káàdì lọ́wọ́, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni aláìsàn ti tún wa ṣe: "Rárá, Dókítà, ẹsẹ̀ òsì ló wú."

Fárímà Ẹ̀gbá
Àwọn dókítà yìí kan náà kọ́ ni wọn kì í fẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀? Ẹ bi wọ́n pé ta ni ọ̀gá.

Dókítà Alẹ́
@Fárímà a ní irú wọn, mi ò ní purọ́. Èmi rèé: ọdún kìn-ín-ní tí mo gba iṣẹ́, mo fẹ́ fa ọmọ kan jáde, mátírọ́nù kan di ọwọ́ mi mú ó ní, "Dókítà, ẹ dúró, orí ọmọ ò tíì sọ̀." Ó tọ̀nà. Mo dúró, ìyá bí fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì tó bá jí mi láàárín òru tí nǹkan ò sì ṣe aláìsàn, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí mo bá kanra mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kò ní pè mí lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe é.

Fárímà Ẹ̀gbá
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín kí wọ́n yéé bá JOHESU jà, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà.

Agbẹ̀bí Méjìlélógún Ọdún
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé NMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, àti JOHESU wọ ibí yìí. Ìjà owó oṣù ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì aboyún.

Fárímà Ẹ̀gbá
Ó wà níbẹ̀, Mà, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá ti ilẹ̀kùn pa. Àbúrò ìyá mi dé ẹnu géètì, wọ́n ní kò sẹ́ni. Ilé ìwòsàn kẹta ló gbà á.

Agbẹ̀bí Méjìlélógún Ọdún
Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò ní fèsì sí ìyẹn.

Bàbá Wasiu
Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń lọ sọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àdúgbò. Ìyẹn á gbà ẹ́, á pè ẹ́ lórúkọ, á fún ọ ní ẹ̀kọ gbígbóná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà ńkọ́? Ṣé ẹ̀kọ ló máa dá a dúró?

Aṣèlera Ìgbàrà-Òkè
Ẹ má jà. Ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ló ní ìdí, mo sì wà níbi tí wọ́n ti gbìyànjú láti so ó pọ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó bẹ̀rẹ̀ Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún, ní 2009, nígbà gómìnà Mimiko, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀ tiwa ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n fún aboyún ní fóònù láti fi pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bójú tó o. Àwa òṣìṣẹ́ yẹn ń dé ilé wọn. Ìdíwọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ wa: kí obìnrin má tètè pinnu, kó má rí ọkọ̀, kó dé kí wọ́n má tètè dá a lóhùn, kí wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó ju ibẹ̀ lọ. Tí mo bá pe Àkúrẹ́ pé mò ń gbé ẹnì kan bọ̀, wọ́n á ti máa retí wa. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ti ṣí níbẹ̀ ní 2010. Àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wá ń bínú pé a gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Òótọ́ ni. Ní 2014 ni ètò Agbẹ̀bíyè dé: ìyá agbẹ̀bí tó bá mú aboyún wá, wọ́n á fún un ní nǹkan, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọwọ́.

Ọ̀kan nínú wọn máa ń bá mi jókòó ní yàrá ìrọbí. Ó mọ oríkì gbogbo ilé tó wà ní ìlú wa. Mo di dírípù, ó ń ki obìnrin náà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbà ò wọ kèrègbè. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Bàbá Wasiu
Irú èyí ni mo ń wí! Ẹ máa kí ìyá yẹn fún mi.

Aṣèlera Ìgbàrà-Òkè
Wọ́n ti sùn, sà. Ọdún kẹrin rèé.

Yétúndé Manchester
Ẹ kú ìkàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí, ibí náà ni mo bí ọmọ mi sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, wọ́n á fa aago pupa lára ògiri, èèyàn á ya wọlé bí omi. Ẹnì kan ò ní iṣẹ́ ju pé kó máa kọ àkókò sílẹ̀. Bí dókítà bá ní "ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ báyìí," ẹni tó fẹ́ fún un gbọ́dọ̀ tún un pè, bó bá sì ti fún un tán á pariwo, "Mo ti fún un." Ó dà bí ìgbà tí ọmọ ilé kéú ń tẹ̀lé alùfáà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Lọ́jọ́ kẹta tí mo bímọ mo ní mi ò lè mí dáadáa. Wọ́n ní àníyàn ni. Ìgbà tí agbẹ̀bí ará Jàmáíkà kan gba iṣẹ́ ló wo ojú mi tó ní, "Èyí kì í ṣe àníyàn." Ẹ̀jẹ̀ dídì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró mi. Nínú ìṣirò wọn níbí ní UK, ewu kí oyún tàbí ìbímọ pa obìnrin dúdú fi ju ìlọ́po méjì ti obìnrin funfun lọ. Aago pupa wà lára ògiri. Ẹni tó máa gbà ọ́ gbọ́ kó tó fà á ni iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì
Yétúndé, mo dì mọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn.

Àṣàkẹ́ Òǹdó
Mo ti padà. Ìyá oníṣu fi ìró ara rẹ̀ bò mí, onímárúwá fún fèrè láti Ọjà Ọba dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti dúró sí géètì torí ìyá oníṣu ti fi fóònù mi pè wọ́n. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Ó kórìíra iṣu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
😂😂 Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìyá oníṣu gbọ́.

Olóyún Oṣù Kẹjọ
Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Oyún mi àkọ́kọ́ nìyí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ O negative, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí káàdì ó ní kí n "múra sílẹ̀." Kí ni kí n múra?

Dókítà Alẹ́
Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O negative bíi tiyín nìkan ló lè fún yín lẹ́jẹ̀, wọn ò sì pọ̀. Ẹ wá wọn báyìí: ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ará ìjọ. Kí ọkọ yín náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí ọmọ lè mú ti bàbá rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ anti-D wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn ìbímọ, kí ara yín má bàa gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún tó ń bọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn yín bóyá ó wà nílẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ lẹ ń wá a káàkiri.

Agbẹ̀bí Méjìlélógún Ọdún
Kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gba iṣẹ́, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ má retí pé wọ́n ti ka káàdì.

Ìyá Ìbejì
Àti agbálẹ̀. Ẹ sọ fún agbálẹ̀ náà.

Olóyún Oṣù Kẹjọ
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi ní òun ń lọ lábù láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la. Àbúrò mi ọkùnrin náà ní òun á tẹ̀lé e.