Kí ló tún ọwọ́ àwọn gáàdì Houston ṣe ní sáà 2024 sí 2025?

Ọmọ Ṣúrúlérè béèrè pé:

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Hakeem Olajuwon ti kúrò ní Èkó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Houston ni ilé wa ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà. Títí di òní ni bàbá mi ṣì máa ń sọ bí ó ṣe dùn wọ́n tó nígbà tí North Carolina State fi àmì 54 sí 52 gba ife ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà mọ́ Houston lọ́wọ́ lọ́dún 1983. Láyé ìgbà náà, ẹni gíga tó dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Kelvin Sampson kó jáde ní sáà 2024 sí 2025, àwọn gáàdì ni òpó tó gbé ilé ró, ìyẹn àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá síwájú tí wọ́n sì ń jù ú láti òkèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tú wò nìyí. Nínú eré méje àkọ́kọ́, mẹ́rin péré ni wọ́n jàre. Auburn fi 74 sí 69 nà wọ́n, Alabama fi 85 sí 80 nà wọ́n nínú àfikún àkókò, San Diego State náà tún fi 73 sí 70 nà wọ́n nínú àfikún àkókò. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ni ojú mi rí: bí àkókò bá ti ń tán lọ, ó dà bí ẹni pé àwọn gáàdì kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó yẹ kí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n jàre ní ìgbà mẹ́tàlá léraléra. Texas Tech fi àmì kan ṣoṣo borí wọn nínú àfikún àkókò, 82 sí 81, wọ́n sì tún jàre ní ìgbà méjìdínlógún léraléra títí wọ́n fi dé àṣekágbá. Ṣé Milos Uzan, tó wá láti Oklahoma láti rọ́pò Jamal Shead, ló wá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni, àbí bí Sampson ṣe ń pààrọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló yí padà?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ìbàdàn dáhùn pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ Shead ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó lọ kò ní mọ iyì ohun tó dé. Ní sáà tó ṣáájú, Shead ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Big 12, líìgì tí Houston wà, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe ẹni tó mọ alátakò ṣọ́ jù lọ. Gbogbo ètò ẹgbẹ́ náà ló so mọ́ ọn. Nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yí nínú eré wọn pẹ̀lú Duke ní oṣù kẹta ọdún 2024, ètò náà tú, Duke sì fi 54 sí 51 lé wọn lọ sílé. Ẹgbẹ́ tí ọkùnrin kan ṣoṣo ń darí lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe ẹni náà, kò sí ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè yọ jáde lápò.

Uzan kì í ṣe Shead, kò sì sí ẹni tó ní kó jẹ́ ẹ. Ó ga jù ú lọ, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í fi agídí wọ àárín àwọn alátakò. L.J. Cryer tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bá Baylor gba ife lọ́dún 2021, kò sì nílò kí bọ́ọ̀lù pẹ́ lọ́wọ́ òun kó tó jù ú wọlé. Emanuel Sharp náà kò nílò kí bọ́ọ̀lù pẹ́ lọ́wọ́ òun. Nítorí náà, iṣẹ́ tí Uzan ní láti kọ́ ni pé kó mọ ìgbà tó yẹ kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn àti ìgbà tó yẹ kó di ti ara rẹ̀. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wá lọ́sẹ̀ kan. Mo gbà pé ohun tí ẹ rí ní oṣù kọkànlá kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-gbá, àìtíì-mọ-ara-ẹni ni.

Ẹ padà lọ wo ìparí eré wọn pẹ̀lú Purdue ní Indianapolis. Ọ̀mì ni, 60 sí 60, ìṣẹ́jú àáyá tó ṣẹ́ kù kò pé mẹ́ta. Uzan dúró sẹ́yìn ìlà láti ju bọ́ọ̀lù wọ inú pápá. Ó jù ú sí Joseph Tugler, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ sínú pápá kí Tugler tó mú un tán. Àwọn Purdue ń wo àwọn yòókù, kò sí ẹni tó rántí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé. Tugler gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo padà sí Uzan lọ́wọ́, Uzan sì rọra gbé e sápẹ̀rẹ̀. 62 sí 60. Àmì 22 ni òun nìkan kó jọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti fi ibẹ̀ han àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, mo sì máa ń ní kí wọ́n má wo bọ́ọ̀lù rárá, ẹsẹ̀ Uzan ni kí wọ́n máa wò.

Àjọkẹ́ Ará Texas dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa Uzan, ṣùgbọ́n ẹ fo ẹnìkan tí n kò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn Mylik Wilson. Orí bẹ́ǹṣì ló ti ń wá, orúkọ rẹ̀ kì í sì í sábà jáde nínú ìròyìn, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú eré méjì tó ṣòro jù lọ lọ́dún náà.

Àkọ́kọ́ ni ti Kansas ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nínú gbọ̀ngàn Allen Fieldhouse tí àlejò kì í sábà ti í jàre. Àfikún àkókò kìn-ín-ní ti fẹ́ parí, Kansas sì ti fi àmì mẹ́fà ṣíwájú. Sharp ju alámì mẹ́ta kan wọlé. Bí Kansas ṣe fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọ inú pápá padà ni Wilson já a gbà, ó yíjú, ó sì ju alámì mẹ́ta mìíràn tó sọ eré di ọ̀mì. Houston fi 92 sí 86 jàre nínú àfikún kejì.

Èkejì ni ti Duke, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ní San Antonio. Houston ti fìgbà kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú àmì mẹ́rìnlá ní abala kejì. Nígbà tó ku nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, 67 sí 61 ni, Duke ló sì ń darí. Sharp tún ju alámì mẹ́ta, Wilson tún já bọ́ọ̀lù tí Duke fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ gbà. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ jù kò wọlé, ṣùgbọ́n Tugler fò sókè, ó sì tì í bọ inú apẹ̀rẹ̀. Duke kò rí àmì kankan gbà mọ́, 70 sí 67 ló parí sí. Àmì 26 ni Cryer ní nínú eré náà, gbogbo ayé sì rí ìyẹn. Ẹni tó já bọ́ọ̀lù gbà ni èmi ń bi yín léèrè rẹ̀.

Ohun tí mo ń fà yọ ni pé Sampson kì í fi àwọn ará bẹ́ǹṣì di àlàfo lásán. Bí Houston ṣe ń ṣọ́ alátakò, tí ènìyàn méjì ń sáré ká ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mọ́, a máa fa agbára tán lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ó sì rọrùn láti kó ẹ̀ṣẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí márùn-ún péré ti tó láti lé ọ kúrò nínú eré. Nítorí náà, gáàdì kẹrin tó ti sinmi, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì fọkàn tán débi pé ó lè fi sílẹ̀ nínú pápá ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ni mo kà sí ìdáhùn sí ìbéèrè yín ju Uzan lọ. Terrance Arceneaux náà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n Wilson ni ojú mi tọ́ka sí.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ìbàdàn dáhùn pé:

Àjọkẹ́, o ṣeun, àbúrò mi. O jàre lórí Wilson, mo sì gbà pé mo fò ó. Jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Níbi ìgbáradì Houston, wọ́n máa ń fi ike bo ojú irin apẹ̀rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù kankan má lè wọlé, kí gbogbo èyí tí wọ́n bá jù lè ta padà, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù sì máa jà á gbà. Èmi kò ní irú ike bẹ́ẹ̀, mo so pátákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú irin. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àwọn gáàdì mi kéékèèké dúró lókèèrè, wọ́n ń wo àwọn tó ga. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ kò ju èjìká àwọn yòókù lọ ti ń fi ìgbáròkó ti ènìyàn sẹ́yìn láti ráyè gba bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé ohun tí Wilson ṣe sí Kansas àti Duke kì í ṣe oríire. Ohun tí wọ́n fi ń jí lójoojúmọ́ ni.

Ọmọ Ṣúrúlérè dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àṣekágbá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń dùn mí. Walter Clayton Jr. ti Florida kò rí àmì kan ṣoṣo gbà ní abala kìn-ín-ní, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn gáàdì wa sì nìyẹn. A fi àmì méjìlá ṣíwájú ní abala kejì. Báwo ni a ṣe wá pàdánù pẹ̀lú 65 sí 63?

Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn kò kúrò lójú mi. Sharp fò sókè láti ju alámì mẹ́ta, ó sì rí Clayton tó ń bọ̀ wá bò ó mọ́lẹ̀. Ó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ń ta nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án nítorí pé òfin kò gbà á láyè kí òun ni yóò kọ́kọ́ mú un, ó kàn ń wò ó títí Alex Condon ti Florida fi dà bò ó.

Àjọkẹ́ Ará Texas dáhùn pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, èmi náà kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lójú mi, ohun tó gbé wa dé ibẹ̀ ni Florida fi borí wa. Alijah Martin ló ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi gba iwájú lọ́wọ́ wa, 64 sí 63. Denzel Aberdeen, tí òun náà ti orí bẹ́ǹṣì wá, ló fi àmì kan kún un. Will Richard ní 18, Clayton kò sì ní ju 11 lọ. Ọkàn wa pọ̀ jù lọ́dọ̀ Clayton, a sì ti sáré tẹ̀lé e títí ẹsẹ̀ fi wúwo. Cryer ní 19, ṣùgbọ́n kò sí gáàdì mìíràn tó gbé ẹrù náà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó le.

Ní ti sáà 2025 sí 2026 tó tẹ̀lé e, Uzan yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí NBA fẹ́ yàn, ó padà wá, Sharp àti Tugler náà padà. Cryer àti Wilson ti parí àkókò wọn. Kingston Flemings, ọmọ San Antonio gan-an, wá gbá gáàdì, mo sì ti retí pé yóò tètè ráyè láàárín wọn. Ipò Wilson ló ń kọ mí lóminú nígbà náà. Mercy Miller ni mo ń wò fún un, nítorí ó ti lo ọdún kan lábẹ́ Sampson, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ̀yin ń wò nígbà náà?