Ẹ̀rù tábúlẹ́ẹ̀tì ń ba màmá tó kọ́ mi níṣẹ́

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì méjì wá fún wa, pé ká máa fi kọ orúkọ àwọn aláboyún sínú DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kó àkọsílẹ̀ ìlera jọ. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi dá wa lẹ́kọ̀ọ́: wọ́n tan àwòrán sára ògiri, a jẹ ráìsì, a buwọ́ lùwé, ó parí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì. Ni wọ́n bá ní èmi tí mo kéré jù ni kí n kọ́ àwọn yòókù.

Màmá wa kan ń bẹ níbẹ̀, àwọn ló kọ́ èmi gan-an bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá orí ọmọ nínú ikùn. Ó ku ọdún mẹ́ta kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Èékánná ni wọ́n fi ń tẹ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kó má bàa fọ́, bẹ́ẹ̀ ẹran ìka ló ń gbọ́. Tí kò bá ti dáhùn, wọ́n á gbé e fún mi: "Gba nǹkan yín, ẹ̀yin ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì." Mo ń kọ tèmi, mo ń kọ tiwọn, àwọn aláboyún tò dé abẹ́ igi máńgòrò. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ àgbà láì rí wọn fín?

Agbẹ̀bí Ìbàdàn:
Àbúrò mi, bi màmá léèrè: tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ta ló máa sanwó ẹ̀? Àwọn tiwa rò pé owó oṣù ni wọ́n máa yọ ọ́. Ìgbà tí ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀ lara wọn tó balẹ̀. Àwọn ará Yunifásítì Oslo tó ṣe DHIS2 tún ní ojúlé ìdánrawò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aláìsàn irọ́ ló wà níbẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n.

Dátà Lójoojúmọ́:
Kí wọ́n mọ̀ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, áàpù orí tábúlẹ́ẹ̀tì ń tọ́jú ohun tí wọ́n kọ títí á fi dé. Àwa rò pé iṣẹ́ wa ti há ni, a yọ áàpù kúrò ká lè tún un gbé sí i. Iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ kan bá a lọ. Ẹ má sì lẹ páásíwọ́ọ̀dù mọ́ ògiri o! Láti 2023 la ti ní òfin ààbò dátà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára ohun tó kà sí ẹlẹgẹ́.

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ̀gbọ́n, owó oṣù náà ni o! Ọ̀gá ti bá wọn sọ ọ́. Màmá ní kí n kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń pa àṣìtẹ̀ rẹ́ han àwọn, ká tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Lánàá wọ́n kọ aláboyún mẹ́rin, ìka kan ṣoṣo, wọ́n ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè. Nígbà tó kan ẹnì karùn-ún, wọ́n ní kí n dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, mo ń dí iná.