Ẹ gbà mí o, máṣíìnì mi fẹ́ wọ odò ní Wales lọ́jọ́ Sátidé

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Bristol: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn lálẹ́ yìí. Àwọn tá a jọ ń gun máṣíìnì sọ pé ọ̀nà inú igbó Strata Florida là ń gbà, láti Pontrhydfendigaid já sí Abergwesyn, mo sì ti ní mò ń bọ̀ kí n tó wo fídíò ẹ̀. Ha! Odò lórí odò, kòtò kan wà níbẹ̀ tómi ń bo táyà. Honda CRF300L ni tèmi, mo ṣì ń san owó ẹ̀ lóṣooṣù. Kí ni kí n ṣe sí i kómi má bàa wọ ẹ́ńjìnì?

Ìyá Ìbejì, Cardiff: Fara balẹ̀, àbúrò mi. Ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí ni kó o wá, kì í ṣe sàlẹ́ńsà. Tí ẹ́ńjìnì bá ṣáà ń ṣiṣẹ́, èéfín á máa ti omi jáde níbẹ̀. Ihò tí fítà ti ń fa afẹ́fẹ́ ni wàhálà wà. Wo bó ṣe ga tó, fi téèpù sàmì sára máṣíìnì níta, omi ò gbọdọ̀ dé àmì yẹn. Fi gíríìsì yí etí fítà ká.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó jẹ mí lówó. Mo ṣubú sódò ní Yorkshire, máṣíìnì kú, òtútù ń mú mi, mo gbé e dìde mo sì tẹ sítátà lẹ́ẹ̀kan péré. Gbàù! Omi ò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, kọ́nrọ́ọ̀dù, irin gbọọrọ inú ẹ́ńjìnì, tẹ̀ kọrọdọ. Owó àtúnṣe ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi rà á. Má tẹ sítátà o!

Bọ̀ọ̀dá Houston: Ẹ má dẹ́rù bà á jù. Nígbà ìjì Harvey ní 2017 omi bo tèmi dé hándù, mo tẹ̀ ẹ́, ó jí.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Orí yín ló gbè yín. Tiyín wà níbi tẹ́ ẹ páàkì ẹ̀ sí, ẹ́ńjìnì ò ṣiṣẹ́ nígbà tómi bò ó. Tèmi ń fa afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó rì, omi ló fà mu.

Bọ̀ọ̀dá Houston: Mo gbà. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ń ṣú lọ nínú igbó ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Cardiff: Ilẹ̀ ì báà ṣú, yọ puláàgì! Gbé táyà iwájú sókè kómi jáde ní sàlẹ́ńsà, da omi inú àpótí fítà nù, ìgbà yẹn ni kó o tó tẹ sítátà, láìsí puláàgì, kó tu omi jáde. Wo ọ́ìlì, tó bá ti funfun bí ògì, pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó tan án. Spánà puláàgì ò gbọdọ̀ kúrò nínú báàgì ẹ.

Ẹ̀gbá, Birmingham: Tèmi ṣì ń lo kábúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Àwọn hóòsì wẹ́wẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, tómi bá bo ẹnu wọn ẹ́ńjìnì á kú, bẹ́ẹ̀ omi ò tíì dé fítà rárá. Mo gé tèmi, mo fi ìsopọ̀ tó rí bíi lẹ́tà T sí i, mo gbé ẹnu kan lọ sábẹ́ táǹkì. Kò tó pọ́n-ùn márùn-ún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Bristol: Tèmi tí ò ní kábúrétọ̀ ńkọ́, ṣé hóòsì kankan wà tí mo máa gbé sókè?

Bọ̀ọ̀dá Houston: Odò tó dé orúnkún lẹ̀ ń pariwo sí. Ẹ wá wo Houston, títì gan-an lodò!

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Odò tiyín gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ẹ wá ki ẹsẹ̀ bọ ti Yorkshire lóṣù kejì.

Ẹ̀gbá, Birmingham: Ẹ̀pẹ́ ni mo rántí o. Wọ́n á gbé máṣíìnì sínú ọkọ̀ ojú omi, ìwọ á kàn di hándù mú, atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́ sí ẹ lójú, òórùn ẹja yíyan á ti máa pàdé ẹ kẹ́ ẹ tó gúnlẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Bàbá mi rí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 o, títí dòní tójú ọ̀run bá ṣú wọn kì í jẹ́ ká jáde. Mo pè wọ́n lánàá, òjò ń rọ̀, mò ń gbọ́ ọ lórí páànù, mi ò fẹ́ gé fóònù.

Ìyá Ìbejì, Cardiff: Bristol, kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin odò yẹn wò. Tó bá kọjá orúnkún tó sì ń fà ẹ́, padà sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, yà sọ́dọ̀ mi, mo máa se ìkọ́kọrẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Bristol: Àǹtí mi! Ṣé ewùrà gidi lẹ rí rà?

Ìyá Ìbejì, Cardiff: Ewùrà gidi. Ẹja gbígbẹ náà wà.